Ọmọ Oníbátìrì

Ìbíyẹmí gbé ọmọ wálé lọ́jọ́ Ẹtì
nínú páálí, pẹ̀lú ìwé ìlànà.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Mo fò dìde lórí àga
kí n tó rí i pé rọ́bà ni.

"Iṣẹ́ àmúrelé ni, Bàámi. Ó ń ké, ó ń jẹun.
Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀
tó ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe fún un sílẹ̀.
Mísìs Páàkìn yóò kà á lọ́jọ́ Ajé."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ìtọ́jú ọmọ, ohun tí wọ́n ń ṣèdánwò lé lórí!
Ta ló fún ìyá mi ní máàkì nígbà tó pọ̀n mí roko?
Wọ́n ní kí ó sọ ọmọ náà lórúkọ. Mo ní Málọmọ́,
torí ọjọ́ Ajé ni yóò padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù iléèwé.
Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ ti lọ síṣẹ́ òru,
ó ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Cleethorpes.
Ọwọ́ tèmi ń rùn fún ẹja Grimsby
tí ọṣẹ mẹ́ta kò rí gbé ṣe.
A ń jẹun, ó ń bá mi sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn:
pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé,
pé ọmọ tó ń da omi láti kọ́ọ̀bù dé kọ́ọ̀bù, ìṣirò ló ń ṣe.
Pé ní jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n rán wọn lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun
ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà, Álífì,
tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́
láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ.
"Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀."
Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìwọ? Fún ọmọ ọdún mẹ́ta?"
"Kí ojú àgbà lè bá ojú ọmọ dọ́gba ni.
Bí ẹ bá dúró, orúnkún yín nìkan ló ń rí."

Orúnkún mi.
Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mo fi í sílẹ̀ ní Ìkìrun.
Ìgbà tó fi máa dé Manchester, ó ti pé ọdún márùn-ún,
ó ti ń wọ bàtà fúnra rẹ̀.
Ó kúnlẹ̀ kí mi ní pápákọ̀ òfurufú: "Ẹ káàárọ̀, sà."
Sà! Bí ẹni ń kí ọ̀gá iléèwé.
Mo dúró gbọin bí òpó.

Aago méjì òru, Málọmọ́ figbe ta.
Ìbíyẹmí ń sùn fọnfọn, ìwé lórí àyà.
Mo ní, bátìrì ni. Mo ní, á dákẹ́.
Kò dákẹ́.
Mo gbé e. Mo fọwọ́ ti ọrùn, bí ìwé ìlànà ṣe wí.
Mo fi oríkì ọmọ mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún,
Àyọ̀ká, Àyọ̀ká,
oríkì tí n kò pè lóru rí.
Láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé,
iná èbúté ń pọ́n lókèèrè.
Nígbà tó dákẹ́,
èmi ò dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé ó mú bébà kan bọ̀:
aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, wọ́n gbé e.
Ọrùn: ó dára. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.
"Mísìs Páàkìn ní ọmọ náà ti dákẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Bàámi, ta lẹ wá ń gbé
fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì tó kù?"

Orúnkún mi ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀,
mo ń tú okùn bàtà iṣẹ́.
Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá,
ojú rẹ̀ bá ojú mi dọ́gba,
ó sì ń dúró.